Ìbẹ̀wò wa sí Lüneburg àti Lübeck: ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ará. Mo béèrè lọ́jọ́sí bóyá ilé onílé ló dáa kí ẹgbẹ́ wa dé sí ní àríwá Jámánì, àbí hòtẹ́ẹ̀lì. Ilé onílé la gbà, ó sì tẹ́ wa lọ́rùn.

Lüneburg ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Iyọ̀ ló sọ ìlú náà di ọlọ́rọ̀. Títí di 1980 ni wọ́n fi ń fa omi oníyọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn ilé kan fi ń rì, tí ògiri wọn wọ́. Bàbá onílé mi ló mú mi káàkiri. Ní 1398 ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba odò àgbẹ́ kó iyọ̀ náà lọ sí Lübeck, tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹja. Àwọn ilé tí wọ́n ń kó o sí nígbà náà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Holstentor, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Lübeck.

Oúnjẹ alẹ́ wọn? Búrẹ́dì àti wàràkàṣì. Ẹni tó bá fẹ́ ọbẹ̀ gbígbóná, kó yáa jẹun yó lọ́sàn-án! Ilé ìtajà sì máa ń tì lọ́jọ́ Àìkú.

Ẹni tó ní kí n mú àdìrẹ lọ, ẹ ṣeun: ojú ẹsẹ̀ ni ìyá onílé tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Mo ti rí ìdáhùn mi gbà.