Ǹjẹ́ ìtọ́jú odò àti igi kan ìjọ Ọlọ́run?

Ọmọ Ìjọ, Òṣogbo: Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo kí yín. Nígbà tí àwa ọ̀dọ́ ìjọ wa dá a lábàá pé kí a gbin igi sí etí odò, kí a sì máa kó ọ̀rá omi tó ń dí gọ́tà lẹ́yìn ìsìn, bàbá kan fèsì pé àwọn ọlọ́ṣun ló ni ìtọ́jú odò, àti pé ayé tí iná yóò jó, gẹ́gẹ́ bí Pétérù Kejì 3:10 ti wí, kò yẹ ní ohun tí Kristẹni ń tún ṣe. Mo bọ̀wọ̀ fún bàbá náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Kí ni Ìwé Mímọ́ sọ?

Olùkọ́ Bíbélì: Àbúrò, kí ẹnikẹ́ni tó dá òrìṣà sílẹ̀ ni Ọlọ́run ti fi Ádámù sínú ọgbà Édẹ́nì láti máa ro ó àti láti máa ṣọ́ ọ (Jẹ́nẹ́sísì 2:15). Àṣẹ tí a gbà lórí ẹ̀dá kò sọ wá di onílẹ̀, nítorí ti Olúwa ni ilẹ̀ àti ẹ̀kún rẹ̀. Ẹ tún wo Deutarónómì 20:19: bí Ísírẹ́lì tilẹ̀ dó ti ìlú ọ̀tá, Olúwa kò gbà kí wọ́n yọ àáké ti igi eléso. Bí a bá ní láti dá igi sí lójú ogun, kí la fẹ́ wí nípa igi máńgòrò tí à ń bẹ́ nítorí àyè ìgbọ́kọ̀sí? Ní ti Pétérù, kí bàbá ka ẹsẹ 11, níbi tí ó ti béèrè irú ìwà mímọ́ tó yẹ wá.

Ìyá Ìjọ: Omi Ọ̀ṣun ti pọ́n láti ọdún mélòó kan nítorí àwọn tó ń wa góòlù lókè odò ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Àwọn tó ń pẹja níbẹ̀, tí wọ́n sì ń fọṣọ níbẹ̀, kì í ṣe ọlọ́ṣun nìkan. Kristẹni wà nínú wọn, Mùsùlùmí náà wà níbẹ̀. Báwo ni a ṣe fẹ́ fẹ́ràn ọmọnìkejì wa tí omi rẹ̀ kò fi ní kàn wá? Èmi kì í bọ ohun tí wọ́n ń bọ ní Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kọ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí pé ibẹ̀ ni igi ṣẹ́kù sí, tí ọgbà ìjọ wa jẹ́ kìkì kọnkéré.

Ọmọ Kátólíìkì: Òótọ́ ni, Mà. Nínú Laudato Si', ìwé tí Póòpù Francis kọ ní 2015, ó so igbe ilẹ̀ pọ̀ mọ́ igbe àwọn tálákà. Ọdún náà gan-an ló ya ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹsàn-án sọ́tọ̀ fún àdúrà lórí ìtọ́jú ẹ̀dá, èyí tí ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì ti bẹ̀rẹ̀ láti 1989. Ẹ bẹ olùṣọ́ àgùntàn yín kí ó wàásù lé e lórí lọ́jọ́ ìsinmi tó bá sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi igi gbíngbìn dúró de ìgbà yẹn; inú òjò Oṣù Kẹfà ni kí ẹ gbìn ín, kí ó lè ta gbòǹgbò dáadáa kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé.