Ìpinnu 242: ṣé "àwọn ilẹ̀ náà" ni, àbí "ilẹ̀"?

Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Ẹ̀gbọ́n wa tó fi ìtumọ̀ Ìpinnu 242 ti Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ránṣẹ́, èyí tó jáde lẹ́yìn ogun Ísírẹ́lì àti àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá ní 1967, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Àmọ́ ó ku díẹ̀ káàtó níbi kan, ibẹ̀ gan-an sì ni wọ́n ti ń jà sí láti 1967.

Ẹ kọ ọ́ báyìí: "kí àwọn ọmọ ogun Ísírẹ́lì kúrò lórí àwọn ilẹ̀ náà tí wọ́n gbà nínú ìjà ẹnu àìpẹ́ yìí." "Náà" yẹn ti dájọ́ kí ẹjọ́ tó dé kóòtù. Gẹ̀ẹ́sì kọ "from territories occupied", kò fi "the" sí i. Faransé kọ "des territoires occupés", "des" yẹn sì ti gbé "les", ìyẹn "the" tiwọn, mì sínú. Ísírẹ́lì di ti Gẹ̀ẹ́sì mú: wọ́n ní kò sọ pé gbogbo ilẹ̀, àti pé ìpinnu kan náà mẹ́nu ba ààlà tó ní ààbò tí a sì fọwọ́ sí. Àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá di ti Faransé mú, wọ́n sì ń tọ́ka sí ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìpinnu náà tó ní kò tọ́ kí a fi ogun sọ ilẹ̀ di tẹni. Sínáì, Gásà, ìwọ̀-oòrùn odò Jọ́dánì pẹ̀lú ìlà-oòrùn Jerúsálẹ́mù, àti Gólánì ni ilẹ̀ tí à ń wí. Gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀, àwọn 15, ló dìbò fún un ní 22 Oṣù Kọkànlá 1967. Àìsí "the" yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe.

Yorùbá ò nílò kó yan ìhà kankan. Bí mo bá ní "ó ra ìwé", ẹ ò mọ̀ bóyá ẹyọ kan ni tàbí mẹ́wàá, ẹ ò sì mọ̀ bóyá ìwé tí a ti jọ ń sọ tẹ́lẹ̀ ni. Nítorí náà: "kúrò lórí ilẹ̀ tí wọ́n gbà". Ẹni tó fẹ́ kà á sí gbogbo rẹ̀ á kà á bẹ́ẹ̀, ẹni tó fẹ́ kà á sí apá kan náà á rí ààyè. Ẹ yọ "àwọn" pẹ̀lú. "Àwọn ọmọ tí wọ́n pè ti dé": kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ìyẹn tó máa rò pé ó ku ọmọ kan nílé. (Èdè Rọ́ṣíà náà ò ní irú "the" yìí, a ò dá wà.)

Ẹ tún lo "fi ogun gba ilẹ̀" níbi ìṣáájú, ẹ sì lo "gbà" nísàlẹ̀. Ohun méjì nìyẹn lójú òfin. Sísọ ọ́ di tẹni ni ìṣáájú ń kọ̀. Wíwà lábẹ́ ọmọ ogun ni ti ìsàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí "gbà" dúró nísàlẹ̀, kí "sọ di tẹni" wà lókè.

Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín ni "ibùdó tó tọ́ fún àwọn ogúnléndé". "Settlement" ibí yìí kì í ṣe ilé kíkọ́ rárá. "Kí a yanjú ọ̀ràn àwọn ogúnléndé bó ṣe tọ́" ni. Ẹ má sì fi "Palẹsítínì" kún un o: orúkọ wọn ò sí nínú ìpinnu náà, ìyẹn sì wà lára ìdí tí PLO, ẹgbẹ́ tó ń jà fún òmìnira Palẹsítínì, fi kọ̀ ọ́ títí olórí rẹ̀, Yasser Arafat, fi gbà á ní 1988. Ní ti "settlement" kejì, ti àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ní ìwọ̀-oòrùn odò Jọ́dánì, "ibùdó" ò dára, torí òun náà la fi ń pe ti ogúnléndé bíi Jẹ́nínì. "Ìletò" náà kéré jù: Ma'ale Adumim, ọ̀kan lára wọn, lé ní 30,000 ènìyàn. "Ìlú ìtẹ̀dó" ni mo fara mọ́.

Ẹnì kan dábàá "àdéhùn ìparí ìjà" fún àdéhùn 1949 tó dá ogun 1948 dúró. Rárá o. Ẹni tó bá parí ìjà fún tọkọtaya ti mú wọn rẹ́ nìyẹn. Ohun tí Ralph Bunche, aṣojú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ṣe onílàjà rẹ̀ láàárín Ísírẹ́lì àti Íjíbítì, Lẹ́bánónì, Jọ́dánì àti Síríà kò dé ibẹ̀. Ìbọn dákẹ́, ọ̀tá ṣì jẹ́ ọ̀tá. "Àdéhùn ìdáwọ́-ogun-dúró" ló bá a mu. Ti 11 Oṣù Kẹfà 1948 tí Folke Bernadotte, onílàjà Àjọ náà ṣáájú Bunche, ṣètò, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ni wọ́n dá fún un, "ìsinmi ogun" ni kẹ́ ẹ pe ìyẹn. Ẹ fi "àdéhùn àlàáfíà" pamọ́ fún ti Íjíbítì ní 26 Oṣù Kẹta 1979 àti ti Jọ́dánì ní 26 Oṣù Kẹwàá 1994. Ìlà tí wọ́n fi pẹ́ńsù aláwọ̀ ewé fà ní 1949 ńkọ́? Ẹ má pè é ní "ààlà". Àdéhùn ìdáwọ́-ogun-dúró ti Jọ́dánì ní 1949 fúnra rẹ̀ sọ pé kò dí ààlà tí wọ́n bá fẹ́ fà lọ́jọ́ iwájú lọ́wọ́. "Ìlà Aláwọ̀ Ewé" tó.

Àdéhùn Oslo, tí Ísírẹ́lì àti PLO jọ ṣe, ló kù. Ohun tí wọ́n fọwọ́ sí ní Washington ní 13 Oṣù Kẹsàn-án 1993 pe ara rẹ̀ ní ìkéde ìlànà fún ìṣàkóso onígbà díẹ̀. Wọ́n sún Jerúsálẹ́mù, ogúnléndé, ìlú ìtẹ̀dó àti ààlà sẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa "àlàáfíà" rẹ́ nínú àkọlé tí ẹ fún un, kí ẹ kọ "Ìkéde Ìlànà".