Wàláà ni kí a máa pè é

Ẹ̀yin ará, ẹ kú làákàyè. Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá pé kí a máa pe tábúlẹ́ẹ̀tì ní “ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá pẹlẹbẹ olójú-afọwọ́kàn”. Ẹlòmíràn ní kí a yéé wá nǹkan kan kiri, pé Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti sọ ọ́ ní ọpọ́n. Èmi ò gba ti àkọ́kọ́ rárá. Ti èkejì, díẹ̀ ló kù kí n gbà á. Wàláà, pákó ìkọ̀wé ọmọ kéwú, ni èmi dábàá.

Kò sí irọ́ nínú ti àkọ́kọ́, àmọ́ àlàyé ni, kì í ṣe orúkọ. Ẹni tó bá fi rán ọmọ níṣẹ́, ọmọ yóò ti lọ, yóò ti bọ̀, kó tó pè é tán. Yàtọ̀ sí ìyẹn, yíyára kọ́ ni wọ́n fi polówó ohun náà. Nígbà tí Steve Jobs, olórí ilé-iṣẹ́ Apple, gbé tábúlẹ́ẹ̀tì wọn, iPad, jáde ní San Francisco ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2010, orí àga tìmùtìmù ló lọ jókòó sí. Ó gbé e lé itan, ó ń fi ìka fa ojú ìwé ìròyìn sókè. Ó ní àyè kan ṣófo láàárín fóònù àti kọ̀ǹpútà agbélétan, ohun tó bá sì máa wọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ sàn ju méjèèjì lọ fún íntánẹ́ẹ̀tì, fọ́tò, fídíò, orin àti ìwé kíkà. Ojú íǹṣì 9.7, kò sì wúwo tó kílò kan. Tablet PC tí Microsoft ti gbé jáde ní 2002, bíírò pàtàkì kan ni wọ́n fi ń kọ nǹkan sójú rẹ̀. Ti Jobs yìí, ìka lásán. Ìka àti itan, ibẹ̀ ló yẹ kí orúkọ ti wá.

(Àwọn tó ni Gẹ̀ẹ́sì gan-an fi orúkọ iPad ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà, torí páàdì obìnrin ló kọ́kọ́ sọ sí wọn lọ́kàn. Síbẹ̀, ó lé ní 300,000 tí wọ́n tà lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé ìsọ̀.)

Ó wá ku ọpọ́n. Ní 2013 ni ìjọba Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, gómìnà Ọ̀ṣun nígbà náà, gbé tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n pè ní Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama, pẹ̀lú ìwé kíkà àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá nínú rẹ̀. Ẹni tó ronú kan orúkọ yẹn gbọ́n. Babaláwo a máa fi ìka tẹ odù sínú ìyẹ̀ròsùn lójú ọpọ́n, “tẹ̀” yẹn kan náà la sì ń lò fún nọ́mbà fóònù. Ibi tí kò ti tẹ́ mi lọ́rùn ni pé ilẹ̀ ni ọpọ́n ń gbé, kì í gbé ọwọ́. Bí o bá sì yọ Ìmọ̀ kúrò, ìbéèrè ló kù: ti Ifá ni àbí ti ayò?

Wàláà kò ní wàhálà yẹn. Pákó pẹlẹbẹ tó ní ìdìmú, ọmọ kéwú gbé e lé itan, ààfáà fi kálámù àti tàdáà kọ ọ́, ọmọ ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ bó ṣe ń kà á. Tó bá ti mọ̀ ọ́n, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á kọ òmíràn. Ẹ wo Bíbélì náà, Ẹ́kísódù 31:18: wàláà òkúta, tí a fi ìka Ọlọ́run kọ. Mùsùlùmí mọ̀ ọ́n, Kìrìsìtẹ́nì mọ̀ ọ́n.

Ẹnì kan á ní Lárúbáwá ni. Àlùbọ́sà ńkọ́? Wákàtí ńkọ́? Àwọn tó ní kí a fi tábúlẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ bó ṣe wà, oògùn orí fífọ́ ti gba orúkọ yẹn tipẹ́.

Àtakò tó wúwo ni ti ẹni tó ní kò bójú mu kí a fi orúkọ pákó Kùránì pe ohun tí wọ́n ń fi wo ìwòkuwò. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ la ń bọ̀wọ̀ fún, kì í ṣe pákó. Omi tí wọ́n fi fọ ọ̀rọ̀ náà kúrò, hàntú, ni wọ́n ń mu. Pákó tí wọ́n fọ̀ tán, wọ́n á fi ti ògiri. Ọ̀pọ̀ ààfáà ló sì ti ń ka Kùránì lójú ẹ̀rọ yìí báyìí.

Àǹfààní mìíràn ni pé ọ̀rọ̀ náà bímọ. “Ojú wàláà” dúró fún síkírìnì. “Fọ wàláà” bá a mu gan-an nígbà tí a bá fẹ́ nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrò kí a tó tà á fún ẹlòmíràn. Ní ti “afọwọ́kàn”, mo ní kí a dà á nù: ènìyàn lè fọwọ́ kan nǹkan láìṣe é ní nǹkan kan. A ń tẹ ibi tí a fẹ́ ṣí, a ń fa ojú ìwé sókè, a ń fẹ àwòrán kó lè tóbi. Àwọn ọ̀rọ̀ yẹn ti wà lẹ́nu àwọn ọmọ wa, wọn ò dúró de àbá wa.