Àwọn èèyàn ló ń gbé orin sórí ìkànnì: kí ni DMCA ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ìkànnì náà?

ÌlùDùndún
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Bí àwọn èèyàn bá ń gbé orin àti ìwàásù Yorùbá sórí ìkànnì kan tí sáfà rẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà, tí ẹnì kan wá gbé orin olórin síbẹ̀ láìgbàṣẹ, ta ni wọ́n máa pè lẹ́jọ́? Wọ́n ní DMCA, òfin Amẹ́ríkà kan lórí ẹ̀tọ́ àdàkọ, ń dáàbò bo ẹni tó ni ìkànnì. Ṣé ààbò náà kàn wà bẹ́ẹ̀ ni, àbí ó lóhun téèyàn gbọ́dọ̀ ṣe?

AmòfinÌlú
Kì í wà lásán. Abala 512, tí DMCA ọdún 1998 fi kún òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Amẹ́ríkà, ló fúnni láàbò náà. Ẹ kọ́kọ́ forúkọ aṣojú, ìyẹn ẹni tí yóò máa gba ẹ̀sùn, sílẹ̀ lórí ìkànnì Copyright Office, ọ́fíìsì ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ àdàkọ. Dọ́là 6 ni. Ẹ kọ orúkọ, àdírẹ́sì, fóònù àti ímeèlì kan náà sórí ìkànnì tiyín. Kí ọdún 3 tó pé, ẹ tún ìforúkọsílẹ̀ náà ṣe. Ibí yìí gan-an lẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ti ń yọ̀: ẹni tó bá gbàgbé, ààbò rẹ̀ lọ nìyẹn.

Bí ẹ̀sùn bá wọlé tó dárúkọ orin, tó ní líǹkì àti ìbuwọ́lùwé, ẹ tètè yọ orin náà, kẹ́ ẹ sì sọ fún ẹni tó gbé e sókè. Bí onítọ̀hún bá fèsì lábẹ́ ìbúra pé àṣìṣe ni, ẹ fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí olùfisùn, kẹ́ ẹ dúró fún ọjọ́ iṣẹ́ 10. Tí olùfisùn ò bá pẹjọ́, ẹ dá orin padà kí ọjọ́ iṣẹ́ 14 tó kọjá.

Oníwáyà
Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ ilé-iṣẹ́ tó kàn ń ta íntánẹ́ẹ̀tì, tí fáìlì kàn ń gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá, kò ní ohun tó fẹ́ yọ. Tirẹ̀ ni pé kó ní ìlànà fún jíjá oníbàárà tó ń rú òfin léraléra, kó sì máa lò ó ní ti gidi. Ohun tó kó bá Cox, ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kan ní Amẹ́ríkà, nìyẹn nígbà tí BMG, ilé-iṣẹ́ orin, pè é lẹ́jọ́. Ìlànà ìgbésẹ̀ 13 wà lórí ìwé, àmọ́ bí wọ́n bá já èèyàn tán, wọ́n á tún so ó padà. Júrì, ìyẹn àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti dá ẹjọ́ náà, ní kí wọ́n san mílíọ̀nù dọ́là 25 ní 2015. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé owó náà ní 2018 nítorí àṣìṣe nínú àlàyé tí adájọ́ ṣe fún júrì, ṣùgbọ́n wọn ò dá ààbò padà fún Cox. Ìkànnì tí wọ́n ń gbé orin sí náà gbọ́dọ̀ ní irú ìlànà yìí.

ÌlùDùndún
Ẹ ṣé gan-an. Bí ẹ̀sùn bá kàn ní "ẹ yọ gbogbo orin mi", láìsí líǹkì ńkọ́?

AmòfinÌlú
Ẹ̀sùn yẹn kò pé, wọn ò lè tìtorí rẹ̀ sọ pé ẹ ti mọ̀ pé orin tí wọ́n jí wà lórí ìkànnì yín. Síbẹ̀, ẹ fèsì, kẹ́ ẹ bèèrè líǹkì. Àmọ́ bí ẹ̀yin fúnra yín bá ti rí orin náà, tó sì hàn gbangba pé wọ́n jí i ni, ẹ má dúró de ìwé kankan, ẹ yọ ọ́. Ẹ tọ́jú ímeèlì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú wákàtí tó wọlé àti wákàtí tí fáìlì kúrò.