Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: Javel tí a fi ń nulẹ̀ ń bá ajá mi jà

Ìyá Ráṣídà, Àjàṣẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Mo ní abo ajá kan, Tanímọ̀la lorúkọ rẹ̀. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, tí ẹrẹ̀ ń bá wa wọlé, àárọ̀ àti alẹ́ ni a ń fi Javel, omi bílíìṣì tí a fi ń sọ aṣọ di funfun, nulẹ̀. Mo wá rí i pé àtẹ́lẹsẹ̀ ajá náà pọ́n, àárín ìka rẹ̀ ń bó, kò sì yéé fi ahọ́n lá a. Bí a bá nulẹ̀ tán, á bẹ̀rẹ̀ sí í sín, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ilé ní Javel nìkan ló lè lé òórùn ìtọ̀ rẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sì sọ pé lọ́jọ́ tó bá lá a sínú, epo pupa ni kí n rọ sí i lẹ́nu. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni? Kí ni mo lè máa fi nulẹ̀? N kò fẹ́ so ó mọ́ ìta, òun ló ń ṣọ́ àwọn ọmọ bí mo bá lọ sọ́jà Wàndó. Ẹ dákun, ẹ dá mi lóhùn.

Àǹtí Bísí, Àjàṣẹ́:
Ìyá Ráṣídà, ẹ kú àmójútó. Javel yẹn ló pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ wa kì í wọ̀n ọ́n, a kàn ń dà á sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì títí òórùn rẹ̀ á fi gba gbogbo ilé. Ajá kì í wọ bàtà. Ohun tó bá wà nílẹ̀ lẹsẹ̀ rẹ̀ ń kó, ẹsẹ̀ yẹn náà ló sì ń lá kó tó sùn. Imú rẹ̀ tún súnmọ́lẹ̀ ju tiwa lọ. Ọṣẹ àti omi ni èmi fi ń nulẹ̀ lójoojúmọ́. Bí mo bá máa lo Javel, mo máa ń ti ajá mọ́ ẹ̀yìnkùlé, mo á ṣí fèrèsé, mo á fi omi lásán nu ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ilẹ̀ á sì gbẹ kí ajá tó wọlé. Omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì náà, ẹ má gbé e sílẹ̀ lọ dá àlejò lóhùn lẹ́nu ọ̀nà. Ajá tí òùngbẹ ń gbẹ á mu ún.

Bàbá Ọdẹ, Kétu:
Ẹ kú o. Lọ́dọ̀ àwa ọmọ Alákétu, ẹni tó bá ń ṣọdẹ mọ iyì ajá. Epo pupa ni àwọn bàbá wa fi ń tọ́jú ajá tó bá jẹ májèlé. Wọ́n á la ẹnu rẹ̀, wọ́n á rọ ọ́ sí i lọ́fun, á bì. Mo ti rí èyí tó yè. Mo sì ti rí èyí tó bì tán, tó wá ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá a. Ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ náà, kó jọ̀wọ́ bá wa dá sí i.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, onítọ̀ọ́jú ẹran ọ̀sìn:
Àrìnpa o, bàbá. Mo dọ̀bálẹ̀. Iṣẹ́ ìtọ́jú ẹran ni mò ń ṣe níbí, ọ̀rọ̀ epo yìí sì ń dùn mí dọ́kàn. Ẹ má bínú, bàbá, kí a fi epo sílẹ̀. Epo kò pa agbára Javel, kò sì pa agbára sódà tí a fi ń ṣe ọṣẹ. Ohun tó ń jóni, bó bá ti gba ọ̀fun kọjá, ó ti jó ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Bí ẹ bá mú ajá náà bì, á tún jó o bó ṣe ń padà bọ̀. Epo tí ẹ sì ń rọ sí i lẹ́nu tipátipá, nígbà tó ń jà tó ń húkọ́, apá kan rẹ̀ á gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Mímí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀ tí bàbá sọ yẹn, àmì rẹ̀ ni.

Bí ajá bá lá oògùn ìnulẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gbé oògùn náà kúrò níwájú rẹ̀. Ẹ fi omi tútù tó mọ́ ṣan ẹnu rẹ̀, kí ẹ da orí rẹ̀ kọ ilẹ̀ kí omi lè máa ṣàn jáde. Bó bá ta sí i lójú tàbí lára, ẹ jẹ́ kí omi máa ṣàn lé e fún ìṣẹ́jú 15. Kí ẹ pe dókítà ẹran, kí ẹ sì mú ike oògùn náà dání, torí ohun tó wà nínú rẹ̀ ni a ó fi mọ ohun tí a ó ṣe. Ẹ má torí pé ajá ṣì ń ju ìrù kí ẹ ní kò sí nǹkan: ọgbẹ́ ẹnu àti ti ọ̀fun lè má hàn títí wákàtí 12. Bí itọ́ bá ń dà, tó ń kọ oúnjẹ, tó ń fi ẹsẹ̀ ha ẹnu, tí ohùn rẹ̀ há, tàbí tó bi ẹ̀jẹ̀, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́.

Ti Tanímọ̀la, ẹ fi omi lásán fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lónìí, kí ẹ nù ún gbẹ dáadáa láàárín ìka, kí ẹ sì dá Javel dúró. Bí kò bá rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò, torí eégbọn tàbí àrùn awọ náà lè mú kó máa lá ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ló ká mi lára jù. Ìtọ̀ ní amóníà nínú. Bí ẹ bá da Javel lé e lórí, afẹ́fẹ́ tó ń tibẹ̀ jáde ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ti ajá àti ti ọmọbìnrin tó tẹ̀ba tó ń nulẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ fa ìtọ̀ náà, kí ẹ wá fi ọṣẹ àti omi fọ ọ́. Ẹ má sì po Javel mọ́ fínígà, omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí asíìdì ilé ìyàgbẹ́ láé. Chlorine, afẹ́fẹ́ olóró, ni yóò yọ níbẹ̀.

Ìyá Ráṣídà:
Yéè! Omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti Javel ni wọ́n fi ń fọ ilé ìwẹ̀ ní agbo ilé wa. Mo ti lọ sọ fún wọn báyìí. Dókítà, ẹ ṣeun gan-an. Crésyl, oògùn olóòórùn líle tí a fi ń pa kòkòrò, ńkọ́? Wọ́n ní ó ń lé ejò, a sì máa ń dà á yí ilé ká.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ, Pobẹ̀:
Kí dókítà tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ti sódà, torí ọṣẹ ni mò ń ṣe. Sódà tí a ti pò sómi, bó bá ti tutù, ó mọ́ gaara, kò ní òórùn rárá. Ẹni tó bá wò ó, omi mímu ló máa pè é. Abọ́ tèmi ní ọmọrí, mo gbé òkúta lé ọmọrí náà, yàrá tó ní kọ́kọ́rọ́ ló sì wà. Ohun tó ń bí mi nínú ni rírọ tí wọ́n ń rọ Javel àti asíìdì sínú ike omi mímu tà fún wa. Ọmọdé ò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀, ká má tilẹ̀ sọ ti ajá. Ẹ ra èyí tó wà nínú ike tirẹ̀, kí ẹ gbé e sókè, torí ajá ń fi eyín lu ike.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́:
Ìyá Ọlọ́ṣẹ ti sọ ọ́ tán. Crésyl, awọ ara ni ó ń gbà wọlé, kò dìgbà tí ajá bá lá a. Ẹ má dà á síbi tí ajá ń sùn tàbí ibi tó ń gbà kọjá, ẹ má fi wẹ̀ ẹ́. Ológbò kò lè fara dà á rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń fi epo bẹntiróòlù pa eégbọn lára ajá: ó ń jó awọ, ajá á sì lá a. Káńfọ̀ róbótó tí a ń kó sáàárín aṣọ, bó bá jẹ́ naphthalene, ó ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Ẹ má jẹ́ kó já bọ́ sílẹ̀.

Bàbá Ọdẹ, Kétu:
O ṣé, ọmọ mi. Ògún á gbè ọ́. Mo ti fi ọ̀rọ̀ epo sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ajá mi kú lọ́dún tó kọjá, ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ni, wọ́n ní parvo, àrùn ajá tó ń ràn, ni. Wọ́n ní kí n fi Javel fọ ibi tí wọ́n wà. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ ni?

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́:
Rárá, bàbá, níbẹ̀ ni Javel wúlò. Ọṣẹ lásán kò pa parvo. Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ìgbẹ́ àti ìdọ̀tí kúrò, kí ẹ fi omi ṣàn án, torí Javel kì í ṣiṣẹ́ lórí ìdọ̀tí. Lẹ́yìn náà, ẹ da Javel 30 ml sínú omi tútù lítà 1, kí ẹ má lo omi gbígbóná. Ẹ fi rẹ ilẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ ṣàn án, kí ó gbẹ pátápátá kí ajá kankan tó tẹ ibẹ̀. Ẹ má sì kó ọmọ ajá tuntun wá síbẹ̀ láìtíì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára.