Abíọ́dún pọ̀ jù: báwo ni mo ṣe lè rí tèmi nínú ìwé ìròyìn àtijọ́?

ỌmọMọ́kọ́lá: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Bàbá bàbá mi ni mò ń wá. Abíọ́dún ni wọ́n ń jẹ́, télọ̀ ni wọ́n ní Gbági àtijọ́, èyí tó wà lápá Dùgbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí a ń pè ní Màmá Àgbà, kì í yé sọ ọ́ pé ìwé ìròyìn gbé wọn jáde láyé ìgbà tí òyìnbó ń ṣèjọba, nítorí pé wọ́n rán aṣọ fún ẹgbẹ́ akọrin. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó sí National Archives nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, mo tún wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Aláàfin Abíọ́dún tó ṣẹ́gun Baṣọ̀run Gáà ló kọ́kọ́ yọjú. Ẹni tó tẹ̀ lé wọn ni Káputéènì Abíọ́dún, àwọn àti Mósè Orímọládé tí wọ́n dá Kérúbù àti Séráfù sílẹ̀ ní 1925. Obìnrin ni ìyẹn pàápàá! Télọ̀ mi dà?

BàbáAlákòówé: Ọmọ mi, orúkọ tí ò ń wá yẹn lè má sí níbẹ̀ rárá. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá ti mọ̀wé díẹ̀, lẹ́tà méjì ló máa ń fi ṣáájú orúkọ ìdílé rẹ̀. Wo ẹni tó dá Yoruba News sílẹ̀ ní Ìbàdàn níbí ní 1924. Dénrelé Adétìmíkàn Ọbasá ni, ṣùgbọ́n D. A. Ọbasá ni wọ́n ń kọ. Ẹni tó bá ń wá "Dénrelé" á kọjá lára rẹ̀. Gbé Abíọ́dún tì ná. Orúkọ ìdílé yín ni kí o wá, kí "A" kan wà níwájú rẹ̀. Kí sì lorúkọ ìrìbọmi wọn?

Òmíràn tún ni pé òpó ọ̀rọ̀ inú ìwé ìròyìn tín-ínrín. Bí orúkọ bá bọ́ sí ìparí ìlà, wọ́n á gé e: "Abio-" lókè, "dun" nísàlẹ̀. Ojú ènìyàn máa rí i. Ẹ̀rọ kò ní rí i.

Àṣàkẹ́_Bódìjà: Ilé wa nìkan ní Abíọ́dún mẹ́rin, ọ̀kan Iléyá, méjì Kérésì, ìkẹrin ọdún Egúngún, ẹ má bi mí bí a ṣe ń pè wọ́n 😂. Ẹ̀gbọ́n, télọ̀ ni wọ́n, àbí? Ìgbà wo ni télọ̀ ń wá oníbàárà? Ẹ ka ti oṣù kọkànlá àti ìkejìlá dáadáa, kí ẹ tó dé ti oṣù kẹta.

ỌmọMọ́kọ́lá: Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Jóòsáyà lorúkọ ìrìbọmi wọn, ìyẹn ni J. A. Mo padà síbẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, oṣù kejìlá ni mo ti bẹ̀rẹ̀ (Àṣàkẹ́, mo jẹ ọ́ ní mọ́ínmọ́ín). Kì í ṣe ìpolówó ni mo bá. Àkọsílẹ̀ àwọn tó dáwó ìkórè ni, gígùn bí ìlà bánkì, lẹ́tà rẹ̀ sì kéré débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbójú fò ó. J. A., orúkọ ìdílé wa, "télọ̀, Gbági", ṣílè márùn-ún. Ọwọ́ mi gbọ̀n.

Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn, kò sí aṣọ akọrin kankan níbẹ̀. Màmá Àgbà ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí. N kò tíì gbé e.