Mo mọ ojú ọjọ́, mo mọ Python: báwo ni mo ṣe lè wọ iṣẹ́ òwò iná àti gáàsì?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa òwò iná mànàmáná àti gáàsì, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìmọ̀ ojú ọjọ́ ni mo kà ní yunifásítì, mo sì ń fi Python kọ ètò kọ̀ǹpútà. Mo lè ṣí fáìlì GRIB (irú fáìlì tí wọ́n ń kó dátà ojú ọjọ́ sí), mo sì lè fi àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ GFS ti Amẹ́ríkà, tó ń jáde lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́, wé ti ECMWF, àjọ àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ti Yúróòpù.

Bí òtútù bá mú ju bí wọ́n ṣe rò lọ, gáàsì tí wọ́n fi ń mú ilé gbóná á wọ́n. Ìyẹn yé mi. Ti afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe iná mànàmáná ló dùn mọ́ mi jù: bí eré rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára inú rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́jọ, nítorí náà àṣìṣe kékeré nínú àsọtẹ́lẹ̀ lè da gbogbo ìṣirò iná rú.

Ṣé kí n wá iṣẹ́ onímọ̀ ojú ọjọ́ lọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò náà ni, àbí kí n gba ẹnu ọ̀nà iṣẹ́ dátà wọlé? Ṣé dandan ni oyè kejì? (Owó rẹ̀ ń bà mí lẹ́rù.) Mò ń rò ó pé kí n kọ ètò kan tó máa fi ìyàtọ̀ àárín àsọtẹ́lẹ̀ kan àti èyí tó tẹ̀ lé e wé bí owó gáàsì ṣe yí padà. Ṣé irú èyí máa ń wu àwọn agbanisíṣẹ́, àbí eré ọmọdé ni lójú wọn? Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí rí, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe wọlé?